Onílúùtù Tí A Háyà Láti Kì Màmá Wa

Ẹ jẹ́ kí a yìn ín, ipò ọmọ ọba. Nínú gbogbo ẹrù tí àwọn ènìyàn wa ń gbé wọ ìlú yìí, òun nìkan ni wọn kì í gbé sórí ìwọ̀n ní pápákọ̀ òfuurufú. Kì í rùn bí ẹja gbígbẹ, kì í jò bí epo pupa, kò sì sí aṣọ́bodè tó lè tú u palẹ̀ kó ní kí o dá a padà. Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ọmọ akọ̀wé kékeré lè sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí àrẹ̀mọ. Kò bèèrè ààfin, kò bèèrè ìlú, kò bèèrè ìjòyè tó máa dọ̀bálẹ̀. Ó ń mú kí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò mọ̀ pé ẹni ńlá ni òjò ń pa. Kí ni ènìyàn tún ń wá?

Ní Plumstead High Street nìkan, mo mọ ọmọ ọba tó ń tún fóònù ṣe, mo mọ ọmọ ọba tó ń ta ẹran, mo sì mọ ọmọ ọba obìnrin mẹ́ta tó ń ṣe irun. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi àwọ̀ góòlù kọ ọ́ sókè ilé ìṣerun rẹ̀, ó sì ya adé kékeré kan tì í. Bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa, nítorí náà mo rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ibi tí ìtẹ́ wa wà.

"Ṣé kí n wá kọ 'ọmọ mẹ̀kúnnù' síbẹ̀ ni?" ó dá mi lóhùn, òòyà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló máa wọlé wá ṣe irun lọ́dọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù?"

Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ohun tí wọ́n sì kọ́ wa jù níbẹ̀ ni bí a ṣe ń dá ìtàn ìdílé tí ẹnìkan jókòó hun mọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti sọ ọ́ di iṣẹ́ láti máa fi àwọn ọmọ ọba Lọ́ńdọ̀nù ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kékeré tí mọ́ṣáláṣí wa ń tẹ̀. Àwọn ọmọ ọba náà á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, olúkúlùkù á rò pé ẹnìkejì òun ni mò ń bá wí.

Màmá wa kò sí nínú wọn. Kò pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹnikẹ́ni rí ní ìlú yìí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìhà Woolwich Common, ọgbọ̀n ọdún náà sì ni àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ fi ń pè é ní olólùfẹ́ àti àyànfẹ́, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ẹni tó bá gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ níbí. Nígbà tó pé ọgọ́rin ọdún, ó ní òun fẹ́ padà sí Ìbàdàn pátápátá. Ilé rẹ̀ ní Thamesmead wà ní àjà kẹta, orúnkún rẹ̀ sì ti sọ fún un pé ó tó.

A gbà. A ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní ọjọ́ Àìkú kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà ní kíṣìnnì rẹ̀, Màmá ń bó ẹ̀wà nínú abọ́, ó sì sọ ọ́ láìgbójú sókè.

"Kí n tó kúrò ní ìlú yìí, mo fẹ́ kí ẹnìkan kì mí."

"Kí wọ́n kì yín báwo, Mọ́mì?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kì èèyàn? Kí wọ́n kì mí. Lójú èrò. Kí wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́." Ó da omi èèpo ẹ̀wà nù. "Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún kì mí mọ́."

A mọ ohun tó ń wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Kó tó bèèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ kì í láti orí dé ẹsẹ̀, màmá wa á sì gbé fóònù náà sétí, á di ojú, ọrùn rẹ̀ á máa gùn sí i. Ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n náà kú. Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ wá di ọjọ́ bí ọjọ́ yòókù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kó le. Ọmọ méjì ló jókòó síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi dì mí lápá mú.

"O mọ̀ ọ́n, àbí?"

"Kí ni?"

"Oríkì Mọ́mì."

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù mí lọ, Àǹtí mi. Ṣé ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Ìwọ lo lọ yunifásítì!"

"A ò kọ́ oríkì Mọ́mì ní yunifásítì."

"Kí ni ẹ wá ń ṣe níbẹ̀?"

Ìbéèrè yìí, mo ti bi ara mi nígbà púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, màmá wa a máa kì mí ní àárọ̀ bí mo bá dọ̀bálẹ̀ kí i. Àkàrà tó wà lórí tábìlì ni mo máa ń wò. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nínú gbogbo oríkì náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, tèmi sì ni ìyẹn, kì í ṣe tirẹ̀. Orúkọ oríkì rẹ̀ gan-an, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ń pè é, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó lè dà bí ohun tó rọrùn láti lọ bèèrè. Ẹ lọ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ẹ ti fi ìwé ẹ̀rí kọ́ sára ògiri, kí ẹ wá kúnlẹ̀ bi ìyá yín pé, jọ̀wọ́, kí ni orúkọ yín?

A gbèrò láti ké sí onírárà kan tó ń gbé ní òdìkejì odò wá síbi àpèjẹ ìdágbére Màmá. Ṣùgbọ́n onírárà náà kì í rìn láìsí onílù mẹ́ta. Ààfáà tó máa ṣe àdúà ìdágbére fún Màmá sì ti kìlọ̀ pé níbi tí ìlù bá ti dún, bàtà òun lòun máa wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi bá kíláàsì ọmọ rẹ̀ lọ wo ilé àtijọ́ kan tí àwọn ọba òyìnbó máa ń gbé rí. Ó padà dé, ó wọlé bá mi ní ọ́fíìsì mi nítòsí Powis Street láìkan ilẹ̀kùn, ó na fóònù sí mi lójú.

"Wò ó. Wo ohun tí Ọlọ́run ṣe."

Fídíò ni. Òyìnbó kan wà nínú rẹ̀ tó wọ ṣòkòtò àrán tó mọ lórúnkún, ìbọ̀sẹ̀ funfun tó gùn dé itan, àti fìlà tí ìyẹ́ ẹyẹ tò sí. Ó gbé ohun èlò orin kan mọ́yà. Bí ẹ bá rí gìtá tó lóyún oṣù mẹ́sàn-án, tí ẹnìkan sì ṣẹ́ ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ti rí i. Lúùtù ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin náà tẹrí ba fún ọmọdébìnrin kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó ta okùn náà díẹ̀díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nípa bàbá ọmọ náà, nípa bàbá bàbá rẹ̀, nípa ìlú tí wọ́n ti wá.

"Ṣé o rí i?" ẹ̀gbọ́n mi wí. "Onírárà ni. Onírárà òyìnbó. Kò sì lu ìlù!"

Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe onírárà. Mo fẹ́ sọ fún un pé àwọn kan wà láàárín òyìnbó tó fi gbogbo ayé wọn ṣe orin àtijọ́, tí wọ́n ń háyà ara wọn fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti fún àríyá ẹni aládàáni, pé aṣọ náà wà lára iṣẹ́, pé ńṣe ni wọ́n ti kọ orin ọmọ náà sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀. Mo lanu, mo wo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ọmọ náà ń sunkún. Mo kọ̀wé sí onílúùtù náà.

Ọkùnrin náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọgọ́rùn-ún ọdún wo ni a fẹ́.

"Kí ló ń wí?" ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Ó ń bèèrè ìgbà tí a fẹ́ kí orin náà ti wá. Ṣé kó jẹ́ ti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn ni, àbí irinwó."

"Sọ fún un pé kó mú èyí tó bá dùn jù wá."

Ó fẹ́ àga tí kò lápá. Ó fẹ́ yàrá tí kò tutù jù tí kò sì gbóná jù, torí pé ìfun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe okùn lúùtù náà, ooru a sì máa bà á jẹ́.

"Ìfun àgùntàn?" Ẹ̀gbọ́n mi jókòó dáadáa. "Ṣé wọ́n dú u bó ṣe yẹ? Bi í. Ààfáà máa bèèrè."

Mi ò bi í. Ṣùgbọ́n onílúùtù náà ló wá pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹni tó ń sùn sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti ka ohun tí a fẹ́. Ó ní òun kò tíì kì ìyá Yorùbá rí, òun kò sì fẹ́ ṣe é ní àṣìṣe. Ó ní ní ayé àtijọ́, lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ yin ìyá ilé a máa kọ́kọ́ lọ jókòó tì í. Ó wá bèèrè bóyá òun lè wá sí Thamesmead fún wákàtí kan péré, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn fún ọkùnrin náà. Òun nìkan nínú gbogbo wa ló ronú kan ohun tó yẹ kí a ṣe.

Mo sọ fún un pé kò pọn dandan. Mo ní ìyàlẹ́nu la fẹ́ fi ṣe fún Màmá. Mo ní èmi ni mo máa kọ ọ̀rọ̀ náà fún un, torí pé onímọ̀ ìtàn ni mí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀ nígbà náà," ó wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ náà ló dùn mí.

Ọ̀nà wo ni ènìyàn ń gbà kọ oríkì tí kò mọ̀? Mo jókòó sí ẹ̀bá adágún omi Thamesmead fún ọjọ́ méjì ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo ń wo ohun tó bá kọjá. Pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn kọjá, mo kọ ọ́ pé "ọmọ ẹyẹ funfun tí ń rìn lójú omi bí ẹni tó ni odò." Mo wo àwọn ilé gogoro oníkọnkéré ní òdìkejì, mo kọ ọ́ pé "ọmọ ọba tó kọ́lé lé omi, tí ilé ò rì." Mo fi ààfin kún un. Mo fi ẹṣin kún un. Mo tẹ́ awọ ẹkùn sílẹ̀ kí ọba inú rẹ̀ rí nǹkan jókòó lé. Ó wú mi lórí. Lóòótọ́ ni mo sọ fún yín: nígbà tí mo kà á tán sókè, mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Mo wá kọ ọ́ ní sílébù-sílébù bí ọkùnrin náà ṣe máa pè é, mo gba ohùn mi sílẹ̀ fún un, òun náà gba tirẹ̀ ránṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹfà, títí tó fi ń pè é dáadáa ju ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n bí síbí lọ.

Ọjọ́ náà pé. Ọjọ́ Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ní họ́ọ̀lù kékeré kan ní Thamesmead tí a gbà títí di aago márùn-ún. Àwọn tó bá Màmá ṣiṣẹ́ wá, àwọn aládùúgbò wá, àwọn ìyá láti mọ́ṣáláṣí wá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ. Bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi náà wá, Dádì, ará Ìjẹ̀bú, tí í ṣe ọmọ ọba tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún jù ní gbogbo Plumstead, torí pé òun nìkan ló ní ìrùkẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó níwájú nínú léèsì funfun. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè pa ìyàlẹ́nu mọ́ra.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn sí i o. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ kì."

 Màmá tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó na ẹ̀yìn. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ ń gùn bíi ti ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí àwọn àgbà, ti yí hítà dé ìparí. Lúùtù náà kò gbà fún un. Ọkùnrin náà ń yí ìṣó okùn, ó ń tẹ́tí, ó ń yí i, ó ń tẹ́tí. Gbogbo họ́ọ̀lù dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọ́n ń gbọ́. Nígbà tó gbé orí sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ó mà dùn o," ìyá kan wí lẹ́yìn mi. "Ó jọ ti àwọn Lárúbáwá."

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Alhája. Ó ń tún un ṣe ni."

"Kó máa tún un ṣe lọ bẹ́ẹ̀. Èyí náà tó."

Ààfáà na ìka pè mí. "Kí ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn?"

"Lúùtù ni, Ààfáà. Kì í ṣe ìlù."

"Mo ní ojú. Mo rí i pé kì í ṣe ìlù. Okùn ni. Ta ló sọ fún yín pé okùn sàn ju ìlù lọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti dé. "Ààfáà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò gbọdọ̀ sí ìlù?"

"Ìlù lẹ bi mí. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ gba ìlù kan láàyè níbi ìgbéyàwó. Okùn gan-an ni wọ́n ń bá jà."

"Ẹ ò wá sọ!"

"Ẹ ò bi mí ní ti okùn."

Ó gbé àga rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣàkíyèsí pé kò ti ilẹ̀kùn.

Onílúùtù wá dìde, ó tẹrí ba fún Màmá dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní parọ́, ó dùn. Ohùn orin rẹ̀ kéré, bí òjò lórí ewé, gbogbo wa ní láti fa ara wa síwájú ká tó gbọ́. Ó pe "ọmọ ọba tó kọ́lé lé omi," àwọn èrò sì kígbe, torí wọn kò retí Yorùbá lẹ́nu ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú Màmá. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín sí ọmọ ẹlòmíràn. Ó ń dúró.

Onílúùtù dé ibi ẹṣin, ó dé ibi awọ ẹkùn. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fara tì mí.

"Ta ni wọ́n ń kì yìí?"

Kí n tó rí nǹkan wí, Dádì ti dìde. Ó gbọ́ "ọmọ ọba," ó gbọ́ "ilé lórí omi," ilé àwọn bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí ọ̀sà, kí ni Dádì tún fẹ́ gbọ́? Ó ju ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, ó jó jáde wá díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè ìyìn láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n sì wá san án lónìí.

"Ẹ mà mọ̀ mí o!" ó ń sọ fún òyìnbó náà. "Ta ló sọ fún yín? Ẹ mà mọ ilé wa o!"

Onílúùtù wò mí. Ó yẹ kí n mi orí. Ó yẹ kí n dìde kí n ní, "Dádì, ẹ jọ̀wọ́, Mọ́mì ni wọ́n ń kì." Ṣùgbọ́n bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, gbogbo họ́ọ̀lù máa yíjú sí Màmá, wọ́n á sì rí ìyá tí wọ́n kì tí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n kì. Wọ́n á bèèrè bóyá iyè rẹ̀ ti ń ra. Wọ́n á bèèrè ta ló kọ ọ́. Mo jókòó.

Iṣẹ́ rẹ̀ yé onílúùtù náà. Ó yí sí Dádì, ó tẹrí ba, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kì láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó kì í. Màmá ń pàtẹ́wọ́ fún Dádì. Ó ń pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn, ó ń sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé Dádì yẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, pé ará ilé ńlá ni. Ó tún jókòó padà, ó na ẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ẹni tó kàn ni.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, okùn já. Ó dún pàá bí ìgbà tí ọmọdé bá gbá ni létí. Onílúùtù wo lúùtù, ó wo hítà, ó wá sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun lè so òmíràn, ṣùgbọ́n nínú irú ooru yìí okùn tuntun kò ní jókòó kí wákàtí kan tó kọjá. Wákàtí kan kò sí. Àwọn tó gba họ́ọ̀lù lẹ́yìn wa ti ń gbé bàlúùnù wọlé. Ààfáà ti wọlé láti ṣe àdúà ìparí, ó sì wo okùn tó já náà bí ẹni tí kò bá a jà.

"Ìgbà wo ló máa wá kàn mí?" Màmá bi mí.

"Okùn ti já, Mọ́mì."

"Ó dáa," ó wí. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan láti ṣe àmín.

Nígbà tí onílúùtù wá kí i pé ó dàbọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó bi í bóyá òun pè é bó ṣe yẹ. Màmá fi èdè wọn dá a lóhùn. Ó ní ó dára gan-an, olólùfẹ́. Ó gbá a lọ́wọ́ pẹ́pẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò rẹ̀, mo lọ bá a di ẹrù. A ń to abọ́ sínú páálí. Ó bèèrè ìwé tí òyìnbó yẹn ń wò nígbà tó ń kì Dádì. Ó ṣì wà nínú àpò kóòtù mi.

"Kà á fún mi," ó wí.

Mo kà á. Kí ni mo tún lè ṣe? Orúkọ rẹ̀, èyí tí a fi ń pè é nílé, wà lókè ìwé náà gẹ́gẹ́ bí àkọlé tí òyìnbó náà kò kọ lórin, ó sì gbọ́ ọ, ó wá mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀. Mo kà á dé òpin.

"Èmi ni," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Ọba wo wá nìyẹn? Ilé wo ló wà lórí omi?" Ó gbé abọ́ kan, ó fi ìwé ìròyìn wé e. "Bàbá mi, awọ ló ń rán. Àpò tí àwọn ọmọ kéwú ń gbé Kùránì sí. Gbogbo àdúgbò Òjé mọ̀ ọ́n. Bó bá gún awọ, ojú abẹ́rẹ́ ò ní hàn. Ìyẹn wà nínú oríkì mi. Kò dárúkọ awọ rírán rárá." Ó gbé abọ́ náà sínú páálí. "Ta ló kọ ọ́?"

"Òyìnbó yẹn ni," mo wí.

Ó mi orí. Inú kò bí i. "Kò burú. Ó gbìyànjú. Kò rí ẹni sọ fún un ni. Ká ní ó wá bi mí, ṣebí mi ò bá sọ fún un."

Mo lè bi í nígbà náà. Páálí kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, irọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa já. Ó ní kí n di ẹnu páálí náà mú kí òun fi téèpù dè é, mo sì dì í mú.

Ó ti wà ní Ìbàdàn báyìí. A máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nípa orúnkún, nípa iná mànàmáná. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọjọ́ náà, ó máa ń ní kí n bá òun kí onílúùtù yẹn, pé kó má bínú, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sì sí ẹni tó ní kí n fi ọba sí i. Mo fi í sí i torí pé bí ìyá mi bá jẹ́ ọmọ ọba, èmi náà á jẹ́ ọ̀kan, gbogbo èrò inú họ́ọ̀lù á sì gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.